Dáàmù Tiga: Erùpẹ̀ Tó Dá Odò Kánò Dúró

Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa o. Tòmátì tí ẹ ń lọ̀ mọ́ ata nígbà ọyẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Kura tàbí Kadawa ló ti wá, níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Kánò. Láti oṣù kẹwàá ni òjò ti dá, ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, síbẹ̀ tòmátì ń so, àlùbọ́sà ń ta. Níbo ni omi ti ń wá? Ẹ wo àwòrán yìí dáadáa. Ògiri gígùn tó na tàntàn síwájú omi yẹn, dáàmù Tiga nìyẹn.

Odò Kánò ni wọ́n dí. Ọdún 1971 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 1974, nígbà tí Audu Bako jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Kánò. Ògiri náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 6, ó sì ga tó mítà 48. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, omi tó lè gbà sún mọ́ bílíọ̀nù 2 kúbíìkì mítà. Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, kúbíìkì mítà kan ṣoṣo jẹ́ ogójì kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, irú èyí tí àwọn mẹ́rúwà ń tì kiri. Ìyókù ìṣirò dọwọ́ yín.

Gbogbo ògiri yẹn, erùpẹ̀ ni, kì í ṣe kọnkéré. Ẹ óò ní, "Erùpẹ̀ kẹ̀! Ṣé omi ò ní gbé e lọ ni?" Ó lè gbé e lọ, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi kó o jọ lásán. Wọ́n á da erùpẹ̀ ní ipele tín-ínrín, rólà á tẹ̀ ẹ́ títí á fi le, kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Ìsàlẹ̀ á fẹ̀ gan-an, òkè á ṣe tóóró, kó lè jẹ́ pé ìwúwo ògiri fúnra rẹ̀ ló ń bá omi wọ̀yá ìjà. Nínú irú dáàmù báyìí, amọ̀ ló sábà máa ń wà láàárín, nítorí omi kì í tètè gba inú amọ̀ kọjá.

Ó ń gbà á kọjá díẹ̀díẹ̀ ṣá. Kò sí dáàmù erùpẹ̀ tí kì í jò. Ohun tó burú ni pé kí omi tó ń jò máa kó erùpẹ̀ dání, torí ihò kékeré ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ihò náà á sì máa fẹ̀ sí i nínú lọ́hùn-ún láìsí ẹni tó rí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń to iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn amọ̀: omi á kọjá, erùpẹ̀ á há. Ẹni tó ń ṣọ́ dáàmù á máa wo ẹsẹ̀ ògiri. Bí omi tó ń sun níbẹ̀ bá mọ́, kò sí wàhálà. Bó bá dàrú, kó yáa kígbe.

Èyí tó tún léwu jù ni kí omi gorí ògiri. Ẹ rántí bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Bí omi bá ń ya wálẹ̀ lẹ́yìn ògiri erùpẹ̀, kì í pẹ́ tó fi máa gé e sí méjì. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀nà àkúnya sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù, tí omi tó bá pọ̀ jù máa gbà jáde. Dáàmù Bagauda, ní Kánò yìí kan náà, já ní 1988. Ti Alau náà já ní oṣù kẹsàn-án 2024, omi sì bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Maiduguri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Àgbẹ̀ Kura fẹ́ kí dáàmù kún dẹ́múdẹ́mú kí òjò tó dá, kí omi lè máa ṣàn nínú kànáàlì títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Ẹni tó ń sá fún omíyalé ní Wudil, nísàlẹ̀ odò, fẹ́ kí àyè ṣófo nínú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí òjò ńlá lè ríbi wọ̀. Ará ìgboro Kánò náà fẹ́ omi mímu lójoojúmọ́. Adágún kan náà ni gbogbo wọn ń bá sọ̀rọ̀! Ẹni tó di gẹ́ètì mú kò sì mọ iye òjò tó ń bọ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ tiẹ̀ le ju ti ẹni tó kọ́ dáàmù lọ.

Iná ńkọ́? Ó pẹ́ kó tó dé. Ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé iná Tiga, mẹ́gáwáàtì 10, tó kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ 760 ti Kainji. Àmọ́ tọ́báìnì kì í mu omi. Omi yí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó lọ sí Hadejia ní Jigawa, ó lọ sí Nguru ní Yobe, níbi tí omi ti máa ń ya bo ilẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́dọọdún kí dáàmù tó dé. Lórí ìkúnya yẹn ni apẹja, darandaran àti àgbẹ̀ fàdámà ibẹ̀ gbé ayé wọn lé. Ní báyìí ìkúnya ti dín kù, omi díẹ̀ sì ń ṣàn ní gbogbo ìgbà, títí kan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí koríko kachalla ń wá gan-an nìyẹn. Ó ti dí ojú odò ní ọ̀pọ̀ ibi, ọkọ̀ apẹja ò rí àyè kọjá. Wọ́n ń gé e, ó ń hù padà.