Ojú Tó Ń Sunkún Ṣì Ń Ríran

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ káàárọ̀ o. A kú àjíǹde ara. Ẹ̀yin tí ẹ jí lónìí, tí ẹ kọ́kọ́ gbàgbé fún ìṣẹ́jú kan pé ẹni yẹn ti lọ, tí ẹ wá rántí, tí àyà yín tún já bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ kú ìrójú. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.

Ibi kíkà wa ni Jóṣúà 1:1-9. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Deutarónómì 34:5-8 ṣáájú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣí ìwé Jóṣúà lójijì á rò pé Ọlọ́run kò fún ẹkún láyè rárá. Mósè ìránṣẹ́ mi kú. Dìde, kọjá odò. Ó le létí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ewé kan padà sẹ́yìn. Ẹ ó rí i pé 30 ọjọ́ gbáko ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi sunkún Mósè ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Móábù. Wọ́n ti fi 40 ọdún wà nínú aginjù. Jọ́dánì ló kù, ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ sì wà ní òdìkejì, ojú wọn tó o. Síbẹ̀ Ọlọ́run kò lé wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n sunkún fún oṣù kan, kí Ó tó pe Jóṣúà sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ ìtùnú ti gún lọ́kàn ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òwe àgbà ni, mi ò bú u. Àmọ́ ẹni tí omi dànù mọ́ lọ́wọ́ nìkan ló mọ ibi tó ti lọ pọn ọ́n. Wọ́n á ní ọkùnrin kì í sunkún. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Jésù sunkún nígbà tó ń lọ sí ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ Òun fúnra Rẹ̀ mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí Òun á fi pè é jáde. Ó mọ̀, Ó sì sunkún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé omi ojú yín fi hàn pé ẹ kò nígbàgbọ́, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn ṣí Jòhánù 11:35 fún un. Kò gùn, á kà á tán kíákíá.

Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọn kò ní ká má sunkún o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ojú tó ń sunkún má dẹ́kun àtimáa wo ọ̀nà.

Ẹ wá wo ẹni tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni Jóṣúà ti ń ṣe ìránṣẹ́ Mósè. Wọ́n jọ gun òkè Sínáì ni. Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, Mósè ló fún un. Hóṣéà ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ló kú yìí. Kò sì sí ojú oórì tó lè lọ dúró sí, nítorí Ọlọ́run ló sin Mósè, kò sì sẹ́ni tó mọ ibojì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí òkú èèyàn yín sin, ẹ̀yin tí ọ̀nà jìn débi pé ìsìnkú ti kọjá kí ẹ tó débẹ̀, Jóṣúà mọ ohun tó ń ṣe yín.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Olúwa sọ fún pé kó ṣe gírí, kó mú àyà le. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ó sọ ọ́, ní ẹsẹ 6, ní ẹsẹ 7, Ó tún sọ ọ́ ní ẹsẹ 9. A kì í sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ pé kó má bẹ̀rù. Ẹ̀rù ń ba Jóṣúà, Ọlọ́run sì rí i, kò sì bá a wí nítorí rẹ̀. Ohun tó fi tì í lẹ́yìn ni pé Òun á wà pẹ̀lú rẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ. Nígbà tí orí náà fi máa parí, àwọn èèyàn náà ti gba ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu Ọlọ́run, àwọn náà ń sọ fún Jóṣúà pé kó mú àyà le. Nígbà mìíràn, ẹnu èèyàn ni Ọlọ́run máa ń gbà tún un sọ fún wa.

Kí wá ni àyà líle nílé ọ̀fọ̀? Mo ti rò pé ó jẹ́ kí ojú gbẹ, kí èèyàn dúró ṣánṣán níbi ìsìnkú. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí Sárà kú ní ẹni ọdún 127, Bíbélì ní Ábúráhámù ṣọ̀fọ̀, ó sunkún, lẹ́yìn náà ó dìde kúrò níwájú òkú rẹ̀. Kí ló dìde lọ ṣe? Ó lọ bá àwọn ọmọ Hétì sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó máa fi sin ín. Ó tẹrí ba, ó bẹ̀bẹ̀, ó wọn 400 ṣékélì fàdákà fún Éfúrónì lójú gbogbo èèyàn. Bàbá arúgbó tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló ń wọn fàdákà yìí. Ẹni tó bá ti sin èèyàn rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù, àwọn tí ẹ máa pè, owó tí ẹ máa kà, gbogbo ẹ̀ ló gba ọkàn akin, kò sì sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún yín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí màmá mi kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi, mo rí i níwájú dígí. Ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ṣì wọ́n dé, ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé e tán, ó wo ara rẹ̀ títí, ó nu ojú, ó wá ní, "Ó yá." Kò bá mi sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Ó gbé báàgì, ó jáde. Ọmọdé ni mí nígbà náà, inú bí mi sí i; mo rò pé ó ti gbàgbé bàbá mi. Ẹ̀yìn tí òun náà lọ, tí èmi náà dúró níwájú dígí, ni mo tó mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn.

Òun náà ló máa ń pè mí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ láràárọ̀. "Ṣé o ti jí? Ṣé o ti gbàdúrà?" Kí n má purọ́, ó máa ń sú mi nígbà mìíràn, oorun á ṣì wà lójú mi. Nísinsìnyí, bí ó bá ti di aago mẹ́fà ààbọ̀, mo ṣì máa ń wo fóònù. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò pa á rẹ́, mi ò sì ní pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sétí Jọ́dánì. Ìgbà ìkórè ni, odò náà kún bo bèbè. Omi kò dúró kí àwọn àlùfáà tó wọ̀ ọ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn kan omi ló tó dúró. Nígbà tí wọ́n kọjá tán, ọkùnrin 12 gbé òkúta 12 lé èjìká láti àárín odò, Jóṣúà sì tò wọ́n jọ ní Gílígálì, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè bèèrè pé kí ni èyí. A máa ń wàásù nípa òkúta wọ̀nyẹn dáadáa.

Àmọ́ Jóṣúà 4:9 ní òkúta 12 mìíràn. Jóṣúà tò wọ́n sí àárín odò gan-an, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn àlùfáà ti dúró. Kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ fún un nínú ibi tí a kà. Omi sì padà bò wọ́n. Ọmọ wo ló máa rí wọn bèèrè? Ní tèmi o, mo gbà pé ti Jóṣúà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá wo odò náà, á mọ̀ pé lábẹ́ omi tó ń ṣàn yìí, ibì kan wà tí ẹsẹ̀ òun ti tẹ̀ nígbà tí Mósè, tó dà bíi bàbá fún òun, ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin náà ní irú òkúta bẹ́ẹ̀. Alẹ́ tí ẹ dá sùn nínú ilé yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí ẹ ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bèèrè pé ọmọ mélòó lẹ bí, tí ẹ sì dáhùn. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé odò lẹ kọjá lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ tó jáde lónìí, ẹ mú bébà, ẹ kọ ẹyọ kan sílẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ìwà akin kan tí ẹni tó lọ yẹn hù lójú yín sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sínú Bíbélì yín.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún ìgbésí ayé àwọn tí Ìwọ fi ta wá lọ́rẹ, tí a kò rí mọ́. A dúpẹ́ fún ẹ̀rín wọn, fún ìbáwí wọn pàápàá. Àmín.

Ìwọ tí Ò ń kó omijé wa sínú ìgò Rẹ, má jẹ́ kí ọ̀kan ṣòfò. Ẹni tí kò tíì lè sunkún, tí gbogbo rẹ̀ dì sí i láyà, Olúwa, tú u sílẹ̀. Àmín.

Olúwa, rántí opó tó jí lónìí tí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì tutù. Rántí bàbá tó sin ọmọ rẹ̀, tí kò rí ẹni bá sọ ọ́. Rántí àwọn ọmọ tí inú ń bí sí òbí tó kù, nítorí kò tíì yé wọn. Mú sùúrù fún wa, kí àwa náà lè mú sùúrù fún ara wa. Àmín.

Àwa tí a ti fi ọ̀rọ̀ wa dá kún ọgbẹ́ ẹlòmíràn, dárí jì wá. Kọ́ wa láti jókòó tì í, kí a dákẹ́. Àmín.

Bàbá, ohun kan wà tí ẹni yìí gbọ́dọ̀ ṣe lónìí tí àyà rẹ̀ ń já sí: ìwé kan, ìpè kan, yàrá kan tí a kò tíì ṣí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan omi, dá omi náà dúró. Àmín.

Nígbà tí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá sì lù, tí fóònù kò dún, Olúwa, jẹ́ kí a gbọ́ Ọ. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa ni a gbàdúrà. Àmín.