Ọnà Etí Ìwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Iṣẹ́ Tí Wúrà àti Ewé Ń Ṣe fún Òǹkàwé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọnà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe sí ara ìwé àfọwọ́kọ ní nǹkan bí ọdún 1400, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tíì sí lọ́dọ̀ wọn, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ló ń wò ó bí ọ̀ṣọ́ lásán, bí ìgbà tí ọlọ́rọ̀ bá fi wúrà ṣe fáàrí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọnà yìí gan-an ni ó ń fọwọ́ mú òǹkàwé rìn nínú ìwé.

Ìwé Máàsì, ìyẹn ìwé àdúrà ìsìn Kátólíìkì tí àlùfáà ń ṣí sórí pẹpẹ nígbà náà, kì í sábà ní nọ́ńbà ojú ewé, nítorí náà ojú ni yóò fi wá ibi tí ó fẹ́ kà. Lẹ́tà kékeré aláwọ̀ aró, tí wọ́n fi gègé pupa fín lára, ń sọ pé ẹsẹ tuntun ló bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà wúrà ń sọ pé àdúrà tó ju ẹsẹ lọ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ewé àti òdòdó bá ti yí etí ìwé ká pátápátá, ọjọ́ ọdún ńlá ló dé.

Ẹ jẹ́ kí a súnmọ́ lẹ́tà wúrà náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní champ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù tẹ́ ojú ibẹ̀ títí yóò fi wú díẹ̀ lórí awọ ẹran tí wọ́n fi ṣe ojú ìwé. Bí ó bá gbẹ, oníṣẹ́ á mí èémí gbígbóná sí i kí ó lè rin, á tẹ́ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, á wá fi eyín ajá dán an títí yóò fi máa kọ mànà. Wúrà ló ń ṣáájú àwọ̀, nítorí pé ó lè lẹ̀ mọ́ àwọ̀ tó bá bá níbẹ̀, dídán rẹ̀ sì lè ba àwọ̀ ọ̀hún jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kun ẹ̀yìn lẹ́tà ní àwọ̀ aró àti pupa rẹ́súrẹ́sú, pẹ̀lú ìlà funfun wẹ́wẹ́. Láti igun rẹ̀ ni ẹ̀ka ti ń yọ sí etí ìwé: ìlà gègé tó tín-ín-rín bí irun, róńdó wúrà, ewé kéékèèké tí wọ́n fi àwọ̀ ewéko tọ́ ní ṣónṣó. Àwọ̀ ewéko díẹ̀ yẹn wà lára ohun tí a fi ń dá ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún mọ̀, ó sì wù mí ju ọ̀pọ̀ àwòrán ńlá lọ.

Ìwé Máàsì Sherborne, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1399 sí 1407 fún ilé àwọn mọ́ńkì ní Dorset, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fi ń wo gbogbo èyí. Ó wúwo tó nǹkan bí 20 kìlógíráàmù, British Library, ilé ìkàwé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sì wà báyìí. John Whas, mọ́ńkì, ló kọ ọ́. John Siferwas, ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Dominic nínú ìjọ Kátólíìkì, ló ṣáájú àwọn tó ya àwòrán inú rẹ̀. Whas kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé jíjí ní kùtùkùtù ti jẹ òun lára gan-an. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti dé àdúrà tó jẹ́ ọkàn Máàsì, ẹyẹ ló kún etí ìwé, aláyà pupa wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà jókòó pẹ̀lú orúkọ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará oko ń sọ, bẹ́ẹ̀ Látìn ni àdúrà tí wọ́n yí ká.