Ibà Yìí, Níbo Ló Ti Wá?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, alápatà àti oníwàrà ní Òṣogbo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: kí ẹ tó sọ pé ibà àti taifọ́ọ̀dù ló ń ṣe aláìsàn, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, wàrà tó mu, àti ẹran tó fọwọ́ kàn, torí ibà mìíràn wà tó ń ti ara ẹran wá.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ara ẹnì kan gbóná, oríkèé ń dùn ún, òógùn ń bò ó lóru. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal, wọ́n ní taifọ́ọ̀dù ni. Ó lo oògùn, ara fúyẹ́, ibà tún padà. Wọ́n tún ṣe Widal! Ìjà mi pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe Widal fún gbogbo ẹni tó bá ti wọlé kò tíì parí. Láti 1896 ni Fernand Widal ti gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní Faransé. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò taifọ́ọ̀dù jà ló ń wá, kì í ṣe kòkòrò náà gan-an. Ẹni tó ti ṣe taifọ́ọ̀dù rí, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, àní ẹni tí ibà ẹ̀fọn ń ṣe pàápàá, Widal lè pè é ní onítaifọ́ọ̀dù. Taifọ́ọ̀dù kì í sì í ti ara ẹran wá. Ara èèyàn nìkan ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé.

Kòkòrò tó ń fa ibà ti ara ẹran tí mò ń wí ń jẹ́ Brucella. Ní erékùṣù Malta, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàìsàn ibà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ní 1887, dókítà ológun David Bruce rí kòkòrò náà nínú ọlọ inú àwọn tó kú. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń kó o. Ìgbà tó di 1905 ni Themistocles Zammit, ọmọ Malta, yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wò, ló bá rí i níbẹ̀. Ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí: ara àwọn ewúrẹ́ náà dá ṣáṣá! Ní 1906 wọ́n dá wàrà ewúrẹ́ dúró fún àwọn ológun, àìsàn náà sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ìbéèrè ló gbà wọ́n, kì í ṣe oògùn.

Ẹ̀yin ìyá oníwàrà, ẹ má bínú sí mi. Wàrà tí ẹ fi omi ewé bọ̀mùbọ̀mù sè lórí iná, tó hó dáadáa, Brucella inú rẹ̀ ti kú. Bí wàrà bá gbóná dé ìwọ̀n 63 lórí Sẹ́ńtígíréèdì fún ìṣẹ́jú 30, ó tó. Omi tí ẹ fi ń ṣàn án lẹ́yìn náà àti ọwọ́ tó ń kó o ni kí ẹ ṣọ́. Nọ́nọ̀, ìyẹn wàrà kíkan, tí kò rí iná ló ń bà mí lẹ́rù, torí kíkan nìkan kò tó láti pa kòkòrò náà. Ikọ́ ife ara màlúù náà ń gba inú wàrà tútù wọlé.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ló kàn, àmọ́ bàbá alápatà kan nawọ́: “Dókítà, èmi kì í mu wàrà. Ẹran ni mò ń pa. Kí ló kàn mí níbẹ̀?”

Bàbá, ó kàn yín ju àwọn tó ń mu ún lọ. Inú ibi ọmọ màlúù tó lóyún, àti omi tó yí ọmọ náà ká, ni Brucella ti ń pọ̀ jù. Ó ń gba ojú ọgbẹ́, ẹyinjú àti imú wọlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ọgbẹ́, ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ má sọ ọmọ inú ẹran fún ajá. Bàbá ní ọmọ iṣẹ́ òun méjì ń ṣe ibà tí kò lọ, wọ́n sì ń lo oògùn taifọ́ọ̀dù. Ẹ mú wọn lọ sí ọsibítù. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé alápatà ni àwọn, kí wọ́n sì ní kí dókítà yẹ Brucella wò. Bó bá jẹ́ òun ni, oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, oríṣi méjì pọ̀, kì í ṣe ti ọjọ́ márùn-ún.

Àkókò ti lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ẹ se adìẹ jinná dé eegun. Salmonella àti Campylobacter, àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, lè wà lára rẹ̀. Fíríìjì kì í dá Listeria, kòkòrò mìíràn tó ń bá oúnjẹ wọlé, dúró: ní South Africa, ní 2017 sí 2018, ó mú èèyàn tó lé ní 1,000, ó pa àwọn tó lé ní 200, pólónì, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ti sè, ló sì gbé e kiri. Anthrax, àìsàn ẹran tó lè pa èèyàn, wọ ìpínlẹ̀ Niger ní 2023. Màlúù tó bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀ tàbí nídìí, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ má bó awọ rẹ̀ fún pọ̀nmọ́. Ẹ pe dókítà ẹran.