Dísẹ́ẹ̀lì ni àbí bẹntiróòlù tó ń sáré? Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ máa gbó sí

Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin, níbi yòówù tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ rò pẹ̀lú yín lónìí. Ẹni tó ń gbé ní Jámánì, ní Bẹ́ljíọ̀mù tàbí nílùú Ọba, tó sì fẹ́ ra Golf ti Volkswagen tó gbámúṣé, oríta kan náà ló sábà máa ń dúró sí. Ṣé kó mú GTD tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì ni, àbí GTI tó ń mu bẹntiróòlù, tó sì yára jù ú lọ? Ìran keje Golf ni mo ní lọ́kàn, torí owó rẹ̀ ti wálẹ̀ débi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè tó o.

Ara kan náà ni àwọn méjèèjì, lítà 2 sì ni ẹ́ńjìnnì wọn. GTI ní agbára ẹṣin 220, ó sì ń ti ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6.5. GTD ní 184, ìṣẹ́jú àáyá 7.5 ló fi ń débẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, òun lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tìtorí rẹ̀ jiyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ju ìyẹn lọ ni agbára ìyí, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó láti fa ọkọ̀, tí òyìnbó ń pè ní torque, tí wọ́n sì ń fi Nm wọ̀n. GTD ló ní èyí tó pọ̀ jù, 380 Nm sí 350 ti GTI. Ṣùgbọ́n ti GTD bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 1,750 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́ ní 3,250. Ti GTI bẹ̀rẹ̀ ní 1,500, ó sì dúró digbí títí dé 4,400, lẹ́yìn èyí agbára ẹṣin rẹ̀ ṣì ń bá a lọ dé 6,200. Ẹ gbé e lọ sí ojú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bí 50 kìlómítà, tí tírélà wà níwájú yín, tí ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ lókèèrè. Tẹ́ ẹ bá tẹ GTD, kíá ló máa fà yín, àmọ́ kẹ́ ẹ tó kọjá orí tírélà yẹn, ó ti fẹ́ kẹ́ ẹ pààrọ̀ jíà. GTI á máa lọ nínú jíà kan náà títí tẹ́ ẹ fi padà sọ́wọ́ yín. Eré GTI wúlò, mi ò ní tan yín, ibi tó sì ti wúlò jù ni ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tẹ́ ẹ fi wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ti 246 kìlómítà ní wákàtí tí wọ́n kọ síwèé rẹ̀, kò sí ọ̀nà nílé tó gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò epo. Ìwé sọ pé GTD ń mu lítà 4.2 fún 100 kìlómítà, GTI lítà 6.0. Ìwé ilé iṣẹ́ máa ń pọ́n ọkọ̀ lé. Ẹ fi 5.5 àti 8 sọ́kàn. Ẹni tó bá ń wa 12,000 kìlómítà lọ́dún á ra lítà 660 fún GTD, lítà 960 fún GTI. Lítà 300 ni ìyàtọ̀ wọn. Tí lítà bá jẹ́ pọ́ùn kan àti pẹ́ńsì 40, nǹkan bí £420 nìyẹn, ẹ sì máa yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ torí dísẹ́ẹ̀lì sábà máa ń wọ́n ju bẹntiróòlù lọ nílùú Ọba. Owó gidi ni. Ṣùgbọ́n fíltà èéfín kan tó bá kú lórí GTD, ojúlówó rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún pọ́ùn kan lọ. Fíltà yìí ni mo fẹ́ ká jókòó tì dáadáa.

DPF lorúkọ rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde ló wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ìdọ̀tí dúdú inú èéfín dísẹ́ẹ̀lì mọ́ra. Bó bá ti ń kún, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jó o dànù. Lójú ọ̀nà jíjìn, ooru èéfín fúnra rẹ̀ ń jó o díẹ̀díẹ̀. Tí ìyẹn ò bá tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á pàṣẹ kí dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí i wọlé lẹ́yìn ìgbà tí iná ti jó tán nínú ẹ́ńjìnnì, kí ooru inú fíltà lè gòkè dé nǹkan bí 600 dígírì. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ẹni tó bá pa ọkọ̀ lágbede méjì ti da iṣẹ́ náà rú. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò ráyè jó á ṣàn lára ògiri sìlíńdà, á sì dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn fi ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù. Ọ́ìlì tí epo ti là kò lè dáàbò bo tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, tọ́bò ló sì máa kọ́kọ́ sunkún.

Nǹkan mìíràn tún wà tí iná kì í jó: eérú. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ká máa lo ọ́ìlì tó ní àmì VW 507.00, tí eérú rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá da ọ́ìlì yòówù tó rí lọ́jà sínú rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí fíltà yẹn pa.

Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní Leeds, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Manchester lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà M62, GTD ni kó rà. Kó má wo ẹ̀yìn. Ooru ọ̀nà yẹn á máa fọ fíltà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, tó ń lọ sọ́jà, tó ń padà sílé láàárín kìlómítà mẹ́rin péré, dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù ní èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ULEZ, òfin tó ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú, ti kárí gbogbo àgbègbè Lọ́ńdọ̀nù. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò bá tó Euro 6, ìyẹn ìpele tí Yúróòpù fi ń díwọ̀n bí èéfín ṣe mọ́ tó, ń san £12.50 lójúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé Euro 4 ti tó fún bẹntiróòlù. Ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má fi ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, ọkọ̀ tó ń lọ sílé ńkọ́? Ibí lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí, torí ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ló ń ra ọkọ̀ fún un, síbẹ̀ ojú ọ̀nà Yúróòpù ló fi yàn án.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí: ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti kúrò lọ́wọ́ òsì ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ìlú Ọba, Golf tẹ́ ẹ ń wà yẹn ò lè tẹ̀ lé yín wálé, bó ti wù kó dára tó. Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Nẹ́dálándì lẹ ti máa wá èyí tó máa lọ sílé.

Tó bá wá dé Ògbómọ̀ṣọ́, irú ìrìn wo ló máa máa rìn? Tákíé sí ẹnu ọ̀nà LAUTECH. Ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ilé sí ọjà. Tí Ọ̀yọ́ bá sì ni, Ọ̀wọ́dẹ̀ sí Akẹ̀sán. Ìrìn kúkúrú ni gbogbo rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í tíì gbóná tán tí wọ́n fi ń pa á. Ohun tó ń pa DPF nílùú òyìnbó ló pàdé rẹ̀ nílé yẹn. Epo náà tún wá dá kún un. Láti ọdún 2009, imí ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì Yúróòpù kò gbọdọ̀ ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Orí irú epo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe fíltà yẹn. Èyí tí wọ́n ń tà nílé ti máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì láti ọjọ́ pípẹ́, bí imí ọjọ́ bá sì pọ̀, á ba catalyst, ìyẹn ẹ̀rọ inú ọ̀nà èéfín tó ń ran fíltà lọ́wọ́ láti gbóná, jẹ́.

Omi tún ńkọ́? Nínú GTD, pọ́ńpù ń ti epo lọ sí nọ́sù tó ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ipá tó tó 2,000 bar. Dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì tó ń mú kí pọ́ńpù yẹn máa yọ̀. Tí omi bá wọ̀ ọ́, tàbí tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú epo náà, irin á máa ha irin, èérún irin yẹn á sì bá epo lọ sínú nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe pọ́ńpù nìkan lẹ máa pààrọ̀ nígbà náà. Nọ́sù, páìpù, fíltà, fífọ táǹkì, gbogbo ẹ̀ ni. Àwọn tírélà tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ ti àtijọ́ lè fara da epo bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún GTD.

Bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bá ti wà nílé tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń wà á pé kó máa bu epo lítà kan sínú ìgò funfun kó tó kún táǹkì ní ilé epo tí kò mọ̀. Kó gbé e sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi á wà nísàlẹ̀, kedere ni yóò rí i. Kó máa pààrọ̀ fíltà dísẹ́ẹ̀lì ní 15,000 kìlómítà, kó má dúró de iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bí ẹni tó ń ta epo bá sì ṣèèṣì da bẹntiróòlù sí i, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Kí wọ́n ti ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fa táǹkì gbẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì kan nílé máa ń là á, tí wọ́n á gbẹ́ inú DPF kúrò. Inú mi ò dùn sí i, torí ìdọ̀tí yẹn ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ àdúgbò ló ń lọ. Lójú iṣẹ́ pàápàá, ààbọ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń wọn ipá èéfín níwájú àti lẹ́yìn fíltà kò ní rí ìyàtọ̀ kankan mọ́, iná á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà á sì gé agbára ọkọ̀ kù. Nílùú Ọba, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè yege nínú MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, láti ọdún 2014. Ohun tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ ọ́n nìyí kẹ́ ẹ tó ra GTD èyíkéyìí: ẹ fi aṣọ funfun nu inú ẹnu sàlẹ́ńsà. Tí DPF bá pé, aṣọ yẹn ò ní dúdú púpọ̀. Tó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, fíltà ti là tàbí wọ́n ti yọ ọ́.

Púpọ̀ nínú àwọn dísẹ́ẹ̀lì Euro 6 tún ń lo AdBlue tó ń dín oró inú èéfín kù, omi tí yúríà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá tán pátápátá, ẹ́ńjìnnì ò ní gbà kẹ́ ẹ tún un ṣí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á. Yúríà tí àgbẹ̀ ń lò sóko kò lè dípò rẹ̀. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ á dì mọ́ ẹnu nọ́sù.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ láìṣẹ́jú: ọkọ̀ tó máa gbó sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, bẹntiróòlù ni kó jẹ́, GTI ni kó sì jẹ́ nínú àwọn tó ń sáré. Kì í ṣe torí ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn. Golf R tó ní agbára ẹṣin 300 ń wu ojú, àmọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ń fà, ó sì ní ẹ̀rọ Haldex tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, tó sì ń fẹ́ ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ta ló máa tọ́jú ìyẹn nílé?

GTI náà ní ìyọnu tirẹ̀. RON ni òṣùwọ̀n bí bẹntiróòlù ṣe lè fara dà á tó kó má bú gbàù ṣáájú àkókò. Tiwa jẹ́ RON 91, 95 sì ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń retí. Kò ní bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń gbọ́ bí epo bá ń bú gbàù ṣáájú àkókò, á sì sún iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn. Agbára á dín kù, epo á sì pọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó lè sáré sí i. Lórí epo 91, písítìnì ni yóò san gbèsè náà.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù jù ni ilé pọ́ńpù omi àti tẹ́mósítáàtì, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ooru ẹ́ńjìnnì. Ike ni, ó sì máa ń jò. Ẹ máa wo ìwọ̀n omi aláwọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù nínú ìkòkò rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Tó bá ń dín kù láìsí omi nílẹ̀, ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń fi omi ẹ̀rọ dípò rẹ̀ ń pe ìpẹtà sínú rédíétọ̀, bó bá sì gbóná kọjá ààlà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, orí ẹ́ńjìnnì á wọ́.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 5.7. Nílé, 8,000 kìlómítà ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀, nítorí eruku àti ooru. Tó bá jẹ́ DSG oníjíà mẹ́fà, jíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ọ́ìlì jíà ní 60,000 kìlómítà, kò sí ìjiyàn. Tòkunbọ̀ tí ẹni tó ń tà á kò bá ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti ṣe é, ẹ ṣe é kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ti táyà, 225/40 R18 ló sábà máa ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn kò ju 90 mílímítà lọ láàárín irin àti kòtò. Ẹ fi 225/45 R17 pààrọ̀ rẹ̀, ẹ óò rí mílímítà 11 sí i. Rííìmù tó bá ti tẹ̀, fọganáísà lè nà án, àmọ́ èyí tó bá ti là, kò sí ohun tó lè ṣe sí i.

Kí ọkọ̀ náà tó gbéra, ẹ ra ilé pọ́ńpù omi kan pẹ̀lú tẹ́mósítáàtì rẹ̀, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kọ́ìlì kan, omi aláwọ̀ G13 lítà méjì, àti fíltà ọ́ìlì mẹ́ta. Ẹ má kó wọn sínú bùùtù ọkọ̀ tó ń lọ. Ẹ fi wọ́n rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé fún mẹkáníìkì bàbá yín, kó lè mọ ohun tó máa béèrè nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá tán.