Àìní Kì Í Ṣe Àìnáání

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbé wá: àìní àti àìnáání. Ìyá tí kò rí owó oògùn ọmọ rẹ̀ san, àìní ló ń bá a jà. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì bìkítà bóyá ọmọ yè tàbí kò yè, àìnáání nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kanlẹ̀kùn, ohun kan náà ni ojú rẹ̀ máa rí nínú ilé méjèèjì: ọmọ tó rù, aṣọ tó ya, ìkòkò tó ṣófo. Bí kò bá béèrè ìdí, yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá yìí kò náání ọmọ. Wọ́n á sì gbé ọmọ lọ.

Ohun tí mo ti ń sọ tipẹ́ ni mo tún fẹ́ sọ: kí a tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ìyá lówó.

Ẹ má rò pé àánú nìkan ló ń sọ ọ́. Ní 1997, ìjọba Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ ètò Progresa. Ìyá ni wọ́n ń kó owó fún. Ọmọ gbọ́dọ̀ máa lọ sílé ìwé, kó sì máa lọ fún àyẹ̀wò ìlera. Wọn kò mú gbogbo abúlé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú abúlé 506 tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, 320 kọ́kọ́ gbà, 186 dúró di ìgbà tó yá, kèké ló sì yàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí iyàn fi kéré nígbà tí iye ọmọ tó ń lọ sílé ìwé lọ sókè, àwọn ọmọbìnrin tó tó wọ ilé ìwé girama ló sì pọ̀ jù. Bolsa Família ti Bràsíìlì, tí wọ́n fi ń fún ìdílé tálákà lówó bẹ́ẹ̀ náà, ẹ mọ̀ ọ́n, n kò ní dúró síbẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Láti oṣù keje 2021, ìjọba ń san tó 300 dọ́là lóṣù fún òbí lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, àti 250 lórí èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún náà, ọmọ tó wà nínú ìṣẹ́ já wálẹ̀ sí 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún parí, owó dúró, owó ìrànwọ́ ìgbà kòrónà yòókù náà dúró. Ní 2022, ó di 12.4. Ṣé ìfẹ́ ọmọ ló kúrò lọ́kàn àwọn ìyá yẹn láàárín ọdún kan ni?

Àwọn kan á ní tálákà á fi owó mutí. Àwọn olùwádìí méjì, David Evans àti Anna Popova, kó ìwádìí láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọn kò rí i pé ọtí àti tábà pọ̀ sí i. Ẹni tí ebi kò pa rí ló máa ń kọ́ ẹni tí ebi ń pa ní ìṣirò owó!

Ní ti májẹ̀mú, ìyẹn ohun tí ẹni gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gbowó, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Màláwì lójú méjì. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ní kó lọ sílé ìwé kó tó gbowó ṣe dáadáa jù nínú ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó gbà á láìsí májẹ̀mú ni oyún àti ìgbéyàwó ọ̀dọ́langba ti dín kù, torí pé èyí tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ṣì ń rí owó gbà.

Ibí ni mo fẹ́ ti kọjá sórí àìdọ́gba, ni obìnrin kan bá nawọ́ lẹ́yìn. “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ti ọmọ tó ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá ni ẹ ń sọ. Àwọn tó ti wà nílé ọmọ òrukàn ńkọ́? Àwa tí à ń tọ́jú wọn, ṣé ibi là ń ṣe ni?”

Mo pa ìwé mi dé. Mo ní, rárá o, ìyá mi. Ní Bucharest, olú ìlú Ròmáníà, láti nǹkan bí 2000, àwọn olùwádìí Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah tẹ̀ lé ọmọ kéékèèké 136 tó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ kèké, ìdajì lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́, ìdajì tẹ̀ lé ètò tó wà nílẹ̀. Àwọn tó bọ́ sínú ìdílé gbádùn jù, pàápàá àwọn tó débẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 2. Ọmọ tó wà nílé ńlá ń rí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbé e láàárọ̀ kọ́ ló ń gbé e lálẹ́. Ọwọ́ yín kò burú, ìyá mi. Ọwọ́ yín ni kò kárí. Òrukàn là ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìyá tàbí bàbá láyé. Ìṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀. Owó tí à ń ná lórí ọmọ kan níbẹ̀, ta ló ti fi lọ ìyá rẹ̀ rí?

Alága ti ń na aago sí mi. Mo sáré sọ ti Jàmáíkà: wọ́n ń lọ kọ́ àwọn ìyá nílé bí a ṣe ń bá ọmọ tí àìjẹunre kò jẹ́ kó dàgbà dáadáa ṣeré, wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún 2. Ní 20 ọdún lẹ́yìn náà, owó tí àwọn ọmọ yẹn ń gbà níbi iṣẹ́ fi nǹkan bí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò lọ. Àìdọ́gba di ọjọ́ mìíràn.

Obìnrin yẹn dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ 11 wà nílé ọmọ òrukàn tiwọn tí ìyá wọn máa ń wá wò lọ́jọ́ ìsinmi. Mo ní kó máa dárúkọ wọn fún mi. Ó mọ gbogbo wọn lórí.