Ojú Ọ̀run Lọjà: Níbo Ni Ìnira Géèmù Ìṣòwò Wà?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ ní Òṣogbo nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí.

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ alájàpá. Ó ra iṣu ní Ilá, ó kó o wá sí Ọjà Ọba níbí, ó jèrè. Ìnira tó wà lọ́nà ló bí èrè yẹn: ọkọ̀ lè bàjẹ́, iṣu lè jẹrà, iṣu ẹlòmíràn sì lè ti kún ọjà kó tó dé. Géèmù tí a ti ń fi ọkọ̀ ojúùsánmà ṣòwò láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀, iṣẹ́ alájàpá náà ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: níbo ni ẹni tó ṣe géèmù fi ìnira sí?

Bàbá wọn ni Elite, tí David Braben àti Ian Bell ṣe fún kọ̀ǹpútà BBC Micro ní 1984. Ìrántí kọ̀ǹpútà yẹn ò ju kílóbáìtì 32 lọ, síbẹ̀ gálásì (agbo ìràwọ̀) 8 ló wà nínú géèmù náà, ìràwọ̀ 256 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò to gbogbo wọn jọ síbì kankan. Ìṣirò ló ń bí wọn nígbà tí a bá nílò wọn. Kírédíìtì 100, owó inú géèmù, ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ yín sì gba ẹrù tọ́ọ̀nù 20. Ẹ ó ra oúnjẹ níbi tí wọ́n ti ń dáko, ẹ ó tà á níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, ẹ ó sì ra kọ̀ǹpútà bọ̀.

Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ibùdókọ̀ ń yí, ẹnu rẹ̀ sì há. Bí ọkọ̀ yín ò bá yí bá a dọ́gba, ẹ máa fọ́ mọ́ ọn tẹrùtẹrù. Ẹ̀rọ tó máa bá yín wọlé wà lórí àtẹ o, kírédíìtì 1,500 ni. Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀ dáadáa, nítorí èmi ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ: èrè òwò lẹ fi ń ra ìsinmi kúrò nínú làálàá awakọ̀. Ẹni tí ò mọ ọkọ̀ wà lè fi ọgbọ́n ọjà bọ́ níbẹ̀.

Ní 1993, Frontier, géèmù tó tẹ̀lé Elite, mú òfin Newton lórí bí nǹkan ṣe ń rìn wọlé. Kò sí afẹ́fẹ́ lójúùsánmà tó máa dín eré kù, nítorí náà bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á ṣì máa lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ba ìjà jẹ́. Ọkọ̀ méjì á kàn sáré kọjá ara wọn, wọ́n á yí padà, wọ́n á tún kọjá. Nígbà tí Elite Dangerous dé ní 2014, wọ́n fi gbèdéke sí eré ọkọ̀, wọ́n sì ṣe é kó jẹ́ pé àárín ìwọ̀n eré ni ọkọ̀ ti ń yí dáadáa jù. Awakọ̀ ní láti yàn: ṣé kí n sáré ni, àbí kí n yí? Irọ́ ni lójú físíìsì, irọ́ tó dáa sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ Newton lè pa ìrànlọ́wọ́ ìwakọ̀.

Freelancer, 2003, mú gbogbo rẹ̀ rọrùn: máòsì lẹ fi ń wakọ̀, òpópónà tó yára sì wà láàárín àwọn ìlú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ iye owó ibẹ̀ dúró gbagidi. Bó wù yín, ẹ máa kó ẹrù kan náà lọ síbì kan náà títí, kò ní yẹ̀. Aláàárù la jẹ́ níbẹ̀. (Ọwọ́ Elite náà ò mọ́: iye owó rẹ̀ ń yí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nítorí ohun tí ẹ tà.)

Egosoft ti Jámánì ló tún èyí ṣe, nínú àwọn géèmù X tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ilé iṣẹ́ tí ohun èlò rẹ̀ fẹ́ tán á sanwó gọbọi. Bí ẹ bá ti kó o kún un, owó á wálẹ̀. Tó bá yá, ẹ ó ní ilé iṣẹ́ tiyín, ẹ ó gba awakọ̀ síṣẹ́, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́.

EVE Online ti Iceland, 2003, gbé ìnira lé ọwọ́ ènìyàn. Àṣẹ lásán lẹ fi ń darí ọkọ̀, torí iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ awakọ̀. Àwọn tó ń gbá a ló ń dá iye owó ọjà. Jita ni ọjà ńlá wọn. Ọkọ̀ tó bá fọ́, ó lọ nìyẹn. Ní 2007, ilé iṣẹ́ tó ni ín gba onímọ̀ ọrọ̀ ajé gidi síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ọjà náà.

Nígbà ìbéèrè, ọ̀dọ́bìnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù tèmi ò lágbára o. Ewo ló lè gbé?" Mo ní Endless Sky: ọ̀fẹ́ ni, òkè la ti ń wo ọkọ̀ níbẹ̀, a sì kọ iye ọjà ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì lásán tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Mo ní kó yí iye oúnjẹ padà ní ìràwọ̀ méjì tó jìnnà síra, kó wò ó bóyá ọ̀nà yẹn á ṣì wù ú láti gbà.

Ó ní, "Ṣé mo lè fi gààrí sí i?"

Mo ní gààrí ni kó fi bẹ̀rẹ̀.