Ẹ̀rí Ni Àwo, Inú Agbo Ni Orin Wà: Bí A Ṣe Lè Tẹ̀lé Orin Ojú Ẹsẹ̀ Láti Ilé-Ifẹ̀

Iwájú àwọn olólùfẹ́ orin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn onílù mélòó kan ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mo ti tún àwọn gbólóhùn tó wọ́ ṣe fún ẹni tó fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n n kò yọ àwàdà inú rẹ̀, n kò sì yọ ibi tí mo ti bẹnu àtẹ́ lu àwọn kan, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn wà ní ìjókòó, wọ́n sì fún mi lésì tó tó.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Orin kan wà tí àwọn tó ń ṣe é kì í kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ agbo, tí wọn kì í fẹnu kò lórí ìlù tí yóò gbé e, tí kì í sì í sábà ní ègbè tí ará ìta lè bá wọn gbè. Wọ́n ń dá a lójú ẹsẹ̀ ni; ohun tí ẹnì kan bá ṣe ni ẹnì kejì yóò fi mọ ohun tí òun náà yóò ṣe. Mo máa pè é ní orin ojú ẹsẹ̀ lónìí. Rédíò kì í gbé e, kò sí ẹni tó ń pe àwọn tó ń ṣe é síbi òkú àgbà, àwo rẹ̀ kì í sì í pọ̀ lọ́jà. Àwọn kan ní ariwo lásán ni. N kò bá wọn jiyàn, nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú méjì tó sì dìde ti sọ ti ara rẹ̀.

Ohun tí mo ti ń sọ tipẹ́, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ni pé àwo kì í ṣe orin yìí. Ẹ̀rí pé orin náà ṣẹlẹ̀ ni àwo jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé e ní láti máa fi àwo wá èèyàn, kó fi èèyàn wá agbo, kó sì jókòó nínú agbo náà, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀. Cornelius Cardew, tó bá ẹgbẹ́ AMM ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ pé téèpù tí a bá fi gba irú orin yìí sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú, nítorí pé kò lè gbé iyàrá tí wọ́n ti ṣe é. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ yẹn rọ̀ lẹ́nu. Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ kò ní ṣàì kọ́kọ́ gba ẹ̀rí kí a tó rí ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí kan wá. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1967, John Coltrane, olórin jazz Amẹ́ríkà tó ń fọn saxophone, ṣeré ní Harlem, ní New York, nínú ilé àṣà Áfíríkà tí Babatunde Olatunji dá sílẹ̀. Ẹ mọ Olatunji, ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì, tó lọ kàwé sí Amẹ́ríkà ní 1950 tó sì di onílù tí gbogbo wọn mọ̀ níbẹ̀. Coltrane kú ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà. Wọ́n ti gba eré náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n 2001 ni wọ́n tó gbé e jáde, ọdún 34 lẹ́yìn náà. Orin méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ìkíní gba bí ìṣẹ́jú 28, ìkejì sì gùn jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn tó mọ́ gaara yóò bínú: ìlù bo dùùrù Alice Coltrane mọ́lẹ̀ débi pé ẹ ó máa wá a, fèrè saxophone sì ń fọ́ nínú ẹ̀rọ nítorí pé ẹ̀rọ kò lè gbé e. Mo gbé e fún yín gbọ́ láìdín in kù, mo sì rí àwọn tó di etí. Ẹ tún yí páálí àwo náà padà, kí ẹ ka orúkọ: Pharoah Sanders lórí saxophone kejì, Jimmy Garrison lórí báàsì ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, Rashied Ali nídìí ìlù, àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Algie DeWitt, tí wọ́n kọ bàtá sí iwájú orúkọ rẹ̀. Bàtá o! Ní Harlem, ní 1967, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Coltrane.

Ibí yìí ni orí mi ti máa ń wú, mo sì mọ̀ pé mo ti ń jẹ àkókò. Ẹ wo ohun tí páálí yẹn ṣe. Tí ẹ bá tẹ̀lé orúkọ Rashied Ali nìkan, ẹ ó dé ilé eré tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní New York ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń pè ní Ali's Alley, ẹ ó sì dé àwo tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe. Orúkọ kan, ilé kan, ọ̀pọ̀ àwo. Àwọn tó ń to àwo pa mọ́ sínú ọ̀rá tí wọn kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn án, kí orí rẹ̀ má baà ha, kò tíì tẹ̀lé nǹkan kan. Ẹ̀yin méjì tí ẹ wà ní ìlà kejì, mo rí yín.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, Peter Brötzmann, ará Jámánì tó ń fọn saxophone, kó èèyàn mẹ́jọ jọ, òun náà wà nínú wọn, sí ilé eré kékeré kan ní Bremen, ní Jámánì. Mẹ́ta lára wọn ló ń fọn saxophone, méjì ń lu ìlù, ohùn wọn sì le bí ẹni ń ya pákó. Wọ́n gba eré náà sínú àwo, ẹ̀dà 300 ló tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ayàwòrán sì ni, òun náà ló ṣe páálí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọdún yẹn, nítorí pé ní 1968 kan náà ni wọ́n dá ilé àṣà Ori Olokun sílẹ̀ níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, tí Ola Rotimi ń ṣe eré, tí Akin Euba sì ń ronú bí dùùrù àti dùndún ṣe lè gbé pọ̀. N kò sọ pé wọ́n mọ ara wọn. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá ní irú nǹkan báyìí kò kan Ifẹ̀ kò mọ ohun tó wà ní ilé ara rẹ̀.

Ẹ dúró ná, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ "tiwa ni" náà wà níbí, àwọn tí ohun gbogbo láyé ti ọ̀dọ̀ Odùduwà wá. Wọ́n ní dùndún ti ń dá orin lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tó bí baba Coltrane. Dùndún ń dá orin lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríkì, òwe àti ohùn èdè wa ni ìyáàlù fi ń rìn, gúdúgúdú kò sì ní kúrò lójú kan fún un. Derek Bailey, onígìtá láti Sheffield, ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1980: orin ojú ẹsẹ̀ tó fara ti àṣà kan wà, èyí tí kò fara ti ìkankan sì wà. Òun ń wá ìkejì. Kí a tó sọ pé tiwa ni, kí a kọ́kọ́ gbà pé ó jìn sí tiwa.

Níbí ni wọ́n ti mú iná lọ, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé orin AMM sí i. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e jìnnà sí fèrèsé. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ó bá orin náà mu. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Keith Rowe nínú AMM máa ń tẹ́ gìtá sórí tábìlì, á sì tan rédíò láàárín orin, ohunkóhun tí rédíò bá ń sọ lọ́wọ́ á di ara orin náà. Ní iyàrá kan ní Mọ́ọ̀rẹ̀, níbí ní Ifẹ̀, mo rí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń fi gìtá, gángan àti rédíò ògbólógbòó ṣeré. Ẹni tó di gángan mú kò lù ú fún ìgbà pípẹ́; ó ń fún ọṣán rẹ̀, ó ń tú u sílẹ̀, awọ náà sì ń mí, lẹ́yìn náà ló wá fi orí kọ̀ǹgọ́ ha a lára díẹ̀díẹ̀. Rédíò ń sún láàárín ilé-iṣẹ́ kan àti èkejì. Mo bi ẹni tó ń yí i bóyá ó ti gbọ́ Keith Rowe rí. Ó ní rárá, sà, rédíò màmá àgbà òun ni, kì í gbé ilé-iṣẹ́ kankan délẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ bọ́ sórí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń tẹ àwo, ni bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Àyàn bá na ọwọ́. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Tí mo bá gbé ìyáàlù kọ́ apá, tí mo pe ẹnì kan, ó mọ̀ pé òun ni mo ń pè, ọwọ́ rẹ̀ á sì wọ àpò. Àwọn tí ẹ ń sọ yìí, ta ni wọ́n ń pè?"

Mo pa ìwé mi dé, nítorí pé kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ tó tó ìbéèrè yẹn. Èmi náà bi bàbá pé, "Bàbá, tí alùjó bá gbóná, tí ẹ ti fi oríkì sílẹ̀, tí ìlù kò sọ̀rọ̀ mọ́, ta ni ẹ̀yin ń pè?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ oníjó ni. Ó ní òun kì í wo ojú rẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ àti èjìká ni òun ń wò. Bí ó bá fẹ́ yí, èjìká rẹ̀ á ti sọ fún òun kó tó yí. Bí kò bá sí oníjó ńkọ́? Ó ní gúdúgúdú ni òun á máa bá ṣeré títí oníjó á fi dé.

Ẹnu bàbá ni mo ti gba ìdáhùn mi. Nínú orin ojú ẹsẹ̀ yìí, àwọn tó ń ṣe é ni oníjó ara wọn. Èjìká ara wọn ni wọ́n ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń wò ó. Ìdí nìyí tí Bailey fi ń kó àwọn tí kò tíì bá ara wọn ṣeré rí jọ, tó pe ìkójọ náà ní Company, tó sì ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọọdún láti 1977 títí di 1994. Ọ̀rẹ́ tó mọ ara wọn jù kì í wo èjìká mọ́. Ìdí kan náà ló sì fi jẹ́ pé àwo kò tó, nítorí pé ẹ̀rọ ń gba ohùn, kì í gba èjìká.

Bàbá kò gbà tán. Ó ní, "Ta wá ni ó ń sanwó?" Òdodo ni pé lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ẹni tó ń san án. Àwọn olórin dúdú ní Chicago dá ẹgbẹ́ AACM sílẹ̀ ní 1965 kí wọ́n lè máa ṣètò eré ara wọn, nítorí pé ilé eré kò gbà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Lester Bowie, dé Èkó ní 1977, ó sì fọn fèrè fún Fela. Ohùn rẹ̀ wà nínú àwo No Agreement. Ọdún yẹn náà ni Sun Ra kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí FESTAC ní Èkó, ọkùnrin tó ń tẹ àwo tirẹ̀ níwọ̀nba, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ya páálí wọn, tí wọ́n sì ń tà wọ́n nídìí agbo. Àwo tí wọ́n tà nídìí agbo: ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín.

Àkókò ti tán. Ní ṣókí: Bailey àti àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, Evan Parker àti Tony Oxley, dá ilé-iṣẹ́ àwo Incus sílẹ̀ ní 1970 kí ẹlòmíràn má baà máa pinnu ohun tí wọn yóò gbé jáde, ní Kampala lónìí, Nyege Nyege Tapes ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún orin ìlà-oòrùn Áfíríkà, kò sì sí ẹni tó ní láti dúró de ọkọ̀ òkun kó tó gbọ́ ọ, íntánẹ́ẹ̀tì ti dá a sílẹ̀ fún wa.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bèèrè ibi tí òun lè ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó má fi Brötzmann bẹ̀rẹ̀, àgàgà nínú bọ́ọ̀sì. Kó gbọ́ Coltrane ti Harlem, kó máa wá bàtá nìkan lákọ̀ọ́kọ́. Kó gbọ́ bí Bowie ṣe wọ inú orin Fela bí àlejò tí kò bèèrè ìjókòó. Lẹ́yìn náà kó wá sí Mọ́ọ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ yẹn tún ń ṣeré ní ọjọ́ Sátidé. Ó bèèrè iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí, ṣùgbọ́n kó tètè dé, nítorí pé bàbá ọmọ Àyàn ti ní òun ń bọ̀ wá wò ó bóyá wọ́n lè pe òun, àga inú iyàrá náà kò sì pọ̀.